Òwú Pupa Inú Tẹlifíṣọ̀n Avéa

Ìsẹ́yìn,
11 oṣù Kejì, 2024.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fàsílátù ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà níbí, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bó ṣe wù ú. Òwú ń tà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ahunṣọ ní òwú Ṣáínà ni àwọn fẹ́ báyìí, àmọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n ń padà sí.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. O mọ̀ pé etí mi ti ń le. Tí wọ́n bá ti gbé ohùn fóònù yẹn sókè kí n lè gbọ́, gbogbo agbo ilé ló ń bá mi gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti agbo ilé. Àlájà Hassanat, tó ń ṣòwò lọ Libreville tó ń bọ̀, ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo fi òwú dì í, mo ta á ní kókó méjì. Wo kókó náà dáadáa kó o tó tú u. Tó bá ti di ẹyọ kan, tàbí ó di mẹ́ta, jẹ́ kí n mọ̀.

Hassanat yìí kan náà ló sọ ohun tó gbé mi dìde fún mi. Ó ní òun rí ọ ní àdúgbò Avéa, ìwọ àti obìnrin kan, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n onípákó kan jáde nínú ilé, ẹ gbé e sínú takisí. Mo ní ilé ta ni. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí mi ò fi í lọ́rùn sílẹ̀, ó ní ilé Marie-Thérèse ni.

Ikrimah, ilé tí bàbá rẹ kú sí nìyẹn. Ẹ̀yìn mi lo wà nígbà tí Láwàl, tí òun àti bàbá rẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Libreville, gbé àpótí rẹ̀ wá fún mi. Ó ní tẹlifíṣọ̀n obìnrin náà ni Buraimoh ń tún ṣe tí iná fi gbé e. Mo ní ṣé wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n náà ni. Ó ní rárá, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná, okùn rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo wá bi í pé, iná wo ló wá gbé e? Títí ọlọ́jọ́ fi dé bá Láwàl náà, kò rí èsì fọ̀.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bàbá rẹ jẹun nílé obìnrin yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láwàl fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Oúnjẹ ló pa á, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀.

Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀? Ta ló mú ọ lọ? Ta ni obìnrin tó bá ọ gbé ẹrù? Ṣé Fàsílátù mọ̀? Má jẹ ohunkóhun nílé náà, má tilẹ̀ mu omi wọn. Tó o bá sì ti jẹ, má fi pamọ́ fún mi.

Èmi ìyá rẹ tí oorun ti dá lójú rẹ̀,
Sìlífátù.


Lalala, Libreville,
10 oṣù Kẹta, 2024.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí, ẹ fojú inú wò mí. Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run bá wa fi òróró sí orúnkún yín.

Kókó méjì ni mo bá lára lẹ́tà yín, ẹnikẹ́ni ò tú u. Ẹ dákun, ẹ má fojú olè wo Àlájà Hassanat. Ẹnu rẹ̀ ló yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Mi ò wá ilé náà lọ. Ilé náà ló wá mi wá. Ẹ rántí pé mo kọ Buraimoh et Fils, ìyẹn Buraimoh àti Ọmọ, sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, kí orúkọ bàbá mi má bàa parẹ́ nílùú tí wọ́n sin ín sí. Jeanne, ọmọ Marie-Thérèse, ń kọjá ní Lalala nínú takisí, ó rí pátákó náà, ó ní kí wọ́n dúró. Ó wọlé, ó bi mí bóyá mo mọ Buraimoh kan tó máa ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe láyé àtijọ́. Mo ní bàbá mi ni. Ó jókòó kí n tó fún un ní àga.

Ó ní láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ìyá òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. Wọn ò tà á, wọn ò sọ ọ́ nù. Ìyá náà ní iṣẹ́ ọwọ́ òkú ṣì wà nínú rẹ̀, pé àwọn ènìyàn rẹ̀ á wá lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lè rí nǹkan bá. Ó ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì fẹ́ rí i kó tàn kí ojú náà tó lọ tán. Mo ní màá ṣe é. Jeanne ni obìnrin tó bá mi gbé e sínú takisí.

Ní ti iná tí ẹ bi Láwàl, ìbéèrè gidi lẹ bi í, òun ni kò mọ iṣẹ́ náà. Inú àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kún fún kapásítọ̀, agolo kéékèèké tó ń kó iná pamọ́. Ẹ wo àmù omi yín. Tí ẹ bá ti ẹ̀rọ omi, ṣé omi inú àmù tán? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èèyàn lè yọ okùn kúrò lára ògiri, kí iná ṣì wà nínú èyí tó tóbi jù, kó sì pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àwa oníṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ dànù kí a tó fọwọ́ kàn án.

Gbogbo kapásítọ̀ inú èyí ló ti bàjẹ́. Òmíràn wú, òmíràn ń ṣomi, ìda ara òmíràn ti yọ́. Tí mo bá kàn ki irú rẹ̀ bọ iná báyìí, yóò jó ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo gbọ́dọ̀ máa yọ, kí n máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀, tuntun tó bá a mu náà ò sì yá rí. Torí náà mi ò ní tètè kúrò nídìí ẹ̀.

Mo jẹ bàtọ́ọ̀nù nílé wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì sínú ewé, pẹ̀lú ẹja. Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú ò run mí. Fàsílátù mọ̀, ó ń kí yín.

Ọmọ yín tó wà ní ìlera,
Ikrimah.


Ìsẹ́yìn,
14 oṣù Kẹrin, 2024.

Àjàní,

Ọdún ààwẹ̀ ti lọ, àṣèyíṣàmọ́dún. Àwọn ará ilé jẹran, wọ́n gbàgbé mi sídìí ìkòkò. Mo dárí jì wọ́n.

Mo gbọ́ ti àmù. Mo padà sí ibẹ̀, mo tún un kà. O mọ ọ̀rọ̀ í sọ, bàbá rẹ náà mọ̀ ọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi. Ìwọ lo sọ ọ́ pé ẹ̀yin oníṣẹ́ ń kọ́kọ́ tú iná inú rẹ̀ dànù. Ṣé bàbá rẹ ò mọ̀ ni? Bàbá rẹ tó máa ń mi àga wò kó tó jókòó lé e! Nígbà tó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ igi òdán ẹnu ọ̀nà wa, iwájú mi ló ti ń ṣe é. Á fi sukudiráfà kan agolo yẹn, á ta pàrà. Lẹ́yìn náà á já òwú pupa nínú igbá mi, á so ó mọ́ ọn. Mo ní kí ló ń fi òwú mi ṣe. Ó ní: "Èyí tó bá ní òwú lọ́rùn ti kú. Èyí tí kò bá ní, ààyè ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án." Nígbà tó ń lọ Gàbọ́ọ̀nù, òwú tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ sínú osùn ni mo dì fún un.

Nítorí náà, yẹ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn wò. Tí kò bá sí òwú níbẹ̀, a jẹ́ pé bàbá rẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan tí wọ́n fi pa á, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Tó bá sì wà, fi rán sí mi. Má fi fọ́tò fóònù rán sí mi, fọ́tò ò ṣeé fọwọ́ bà.

Jeanne yìí ńkọ́, ta ni bàbá rẹ̀? Ṣé ó dàgbà jù ọ́ lọ? Wo imú rẹ̀ dáadáa fún mi, bóyá ó jọ tiwa.

Ìyá rẹ tí kì í gba ọjà láì fọwọ́ bà á,
Sìlífátù.


Lalala, Libreville,
19 oṣù Karùn-ún, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ewu ọdún. Kókó yín pé.

Kí n ti imú kúrò nílẹ̀ ná. Jean-Marc ni bàbá Jeanne, ó ṣiṣẹ́ ní èbúté kó tó kú, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Imú tó wà nínú fọ́tò yẹn ló wà lójú Jeanne, ó fẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa. Ó fi díẹ̀ dàgbà jù mí lọ.

Òwú ńkọ́. Màmá, mo ti rí wọn kí lẹ́tà yín tó dé. Eruku ti sọ wọ́n di dúdú, mo rò pé okùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi dì wọ́n ni. Ẹ mọ̀ pé tí a bá pàrọ̀ nǹkan fún oníbàárà, a kì í sọ ògbólógbòó rẹ̀ nù. Inú ọ̀rá la ń kó o sí, a ó dá a padà fún un, kó má bàa sọ pé a purọ́ fún òun. Inú ọ̀rá yẹn ni mo ti ń jù wọ́n sí bí mo ṣe ń yọ wọ́n. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo da ọ̀rá náà sórí tábìlì, mo fi ìka nu òwú kan. Pupa ni.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún. Ẹ ò ní mọ bó ṣe rí lára mi. Mi ò rántí ojú bàbá mi, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, mo wá di kókó tó ta mú lọ́wọ́.

Gbogbo wọn ló ní òwú, títí dé orí èyí tó tóbi jù. Òun nìkan ló lágbára tó lè pa èèyàn, nítorí náà òun ló pa á. Òun ni mo fi rán sí yín yìí, pẹ̀lú òwú rẹ̀. Kò sí iná kankan nínú rẹ̀ mọ́, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún Àlájà Hassanat pé ẹ̀yà ara tẹlifíṣọ̀n ni, kó má lọ rò pé òǹdè ni.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó fi májèlé pa á. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ọmọ yín,
Ikrimah.


Ìsẹ́yìn,
9 oṣù Kẹfà, 2024.

Àjàní ọmọ Buraimoh,

Hassanat gbé nǹkan náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ejò. Títí tó fi jáde, ó ń wò mí bóyá màá so ó mọ́dìí.

Òwú mi ni. Mo fi itọ́ nù ún, pupa mi ni. Kókó náà, kókó bàbá rẹ ni, ó máa ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á. Mo gbé e tira lórí ẹní bí ọmọ tuntun. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

O ní kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Mi ò mọ tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ mo mọ òwú. Bí òwú bá wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti kú nígbà tí bàbá rẹ so ó. Ohun tó ti kú, ta ló jí i? Àmù lo fi ṣàlàyé fún mi. Bàbá rẹ ti da omi inú àmù nù, ta ló tún pọn omi sí i? Ẹnì kan ti iná bọ tẹlifíṣọ̀n yẹn lẹ́yìn tí òwú ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni náà tún fà á yọ, ó gbé okùn sílẹ̀ bó ṣe bá a, ó sì panu mọ́. Ìyẹn ò wá burú ju májèlé lọ bí?

Lọ bá obìnrin yẹn. Má jẹ́ kó mọ̀ pé o mọ nǹkan kan. Ṣáà jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, arúgbó kì í mẹ́nu dání. Orúkọ ni mo fẹ́. Gbogbo àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń gbé ẹni tó pa bàbá rẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo fẹ́ mọ ilé tí èpè mi yóò yà sí.

Tẹlifíṣọ̀n náà, má tíì tàn án fún wọn. Má sì jẹ bàtọ́ọ̀nù wọn mọ́.

Sìlífátù, opó Buraimoh.


Ìsẹ́yìn,
11 oṣù Kẹjọ, 2024.

Ikrimah,

Hassanat lọ, ó bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní ara rẹ le, ṣọ́ọ̀bù rẹ ń ṣí, pé o kàn ní kò tíì sí ohun tí o fẹ́ kọ ni. Mo pè ọ́ lórí fóònù, òjò lo ń sọ fún mi.

Ta lo ń dáàbò bò? Ṣé wọ́n ti ra ẹnu rẹ ni? Àbí Jeanne yẹn ti di nǹkan míràn sí ọ? Mi ò kí ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà yìí. Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Lalala, Libreville,
22 oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi,

Ẹ má bínú sí mi. Mo kọ lẹ́tà yìí, mo ya á. Mo tún òmíràn kọ, mo tún ya á. Ẹnikẹ́ni ò ra ẹnu mi.

Mo ṣe bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo lọ sí Avéa lọ́jọ́ Sunday kan, mo jókòó ti Màmá Marie-Thérèse, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Ó ní òun àti bàbá mi jọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ú. Bàbá mi ṣiṣẹ́. Nígbà tó di àkókò ìrun Àsárì, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi sínú kẹ́tùrù, ó ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé, ó kírun lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá náà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ní òun tilẹ̀ sọ fún aládùúgbò òun pé kó rọra sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tó ń gbàdúrà. Bàbá mi wọlé padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ tí nǹkan ṣubú.

Mo bi í pé ta ló wà nínú ilé nígbà tí bàbá mi ń kírun. Ó ní kò sí ẹnì kankan, àfi Jeanne tó ń ṣeré.

Mo ti fẹ́ dìde. Jeanne wá gbé omi wọlé. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí i, ó ní: "Ṣé o rí eléyìí? Kó tó lè pe orúkọ ara rẹ̀ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki okùn tẹlifíṣọ̀n bọ ògiri. Tí mo bá ti ṣíjú, á lọ kì í. Tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á fà á yọ, á sá."

Jeanne náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò rántí, àmọ́ títí dòní ni wọ́n fi ń ṣe òun yẹ̀yẹ́ nínú ẹbí. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, Màmá. Mo gbé omi tó gbé wá sílẹ̀, mo dìde.

Ẹ ti mọ ìyókù. Kíá ni iná ń kún inú agolo yẹn, bàbá mi sì ti yọ àwọn nǹkan tí ìbá mu iná náà tán. Ọmọ gbọ́ ẹsẹ̀, ó fà á yọ, ó sá lọ. Bàbá mi wọlé, ó rí okùn nílẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, ó rí òwú lọ́rùn agolo. Ó gbẹ́kẹ̀ lé òwú náà.

Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Màmá náà ò mọ ohun tí òwú wà fún, Jeanne ò mọ̀ rárá pé òun ṣe nǹkan kan. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Orúkọ tí ẹ ní kí n wá nìyẹn.

Mo ti pàrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ tán. Mo fi gílóòbù sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀ kí iná má bàa já lù ú, gílóòbù náà mọ́lẹ̀, ó sì rọra rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyẹn ni pé ara tẹlifíṣọ̀n náà ti dá. Mo ti wá ẹ̀rọ kékeré tí yóò máa gbé àwòrán òde òní fún un. Ó ku kí n gbé e padà sí Avéa, kí n tàn án lójú wọn. Mi ò lè ṣe é. Gbogbo ìgbà tí Jeanne bá pè mí pé ibo ni iṣẹ́ dé, irọ́ ni mo ń pa fún un.

Kí ni kí n ṣe?

Ikrimah yín.


Ìsẹ́yìn,
20 oṣù Kẹwàá, 2024.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Fàsílátù. Kókó mẹ́ta ni mo ta sí èyí, kà á dáadáa.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ẹní ìkírun mi. Láti ìgbà tí o ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń wá ọwọ́ tó pa ọkọ mi, o wá fi ọwọ́ ọmọ tí kò tíì lè bu ẹ̀kọ sẹ́nu ara rẹ̀ hàn mí. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ìwọ náà, nígbà tó o wà ní ìwọ̀n rẹ̀, o da ìkòkò osùn mi nù, o ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kiri ilé, mo nà ọ́, ò ń rẹ́rìn-ín.

Inú ń bí mi síbẹ̀. Mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́ ni. Mo bínú sí òwú, mi ò patẹ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ahunṣọ rò pé mo ń ṣàìsàn.

Má sọ fún ọmọ náà. Má sọ fún ìyá rẹ̀. Má sọ fún Fàsílátù, obìnrin dáadáa ni, àmọ́ òun àti Hassanat ti ń rẹ́ jù. Tí Jeanne bá mọ̀, a jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n yẹn pa ẹni méjì. Àwọn àdúrà mi àfẹ̀mọ́júmọ́ ńkọ́, mo ti tọrọ wọn padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní mi ò mọ̀ pé ọmọdé ni. Mo bẹ̀ Ẹ́ kó má jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ṣáájú.

Mo fi òwú tuntun rán Hassanat sí ọ, èmi ni mo rẹ ẹ́. Máa so ó mọ́ iṣẹ́ rẹ bí bàbá rẹ ṣe máa ń so ó. Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ lọ kírun, ti ilẹ̀kùn. Tó o bá sì dé, tún fi sukudiráfà kàn án kó o tó fọwọ́ kàn án, bí òwú tilẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Gbé tẹlifíṣọ̀n náà padà fún wọn. Jẹ́ kí Jeanne fúnra rẹ̀ ki okùn rẹ̀ bọ ògiri, kí ìwọ dúró tì í. Sọ fún ìyá arúgbó náà pé ìyá Ikrimah ní òun dúpẹ́ tí kò sọ ọ́ nù. Tí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ wá fún ọ, jẹ ẹ́ tán.

Jó lẹ́tà yìí. Má jó òwú rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Sìlífátù.